Ilẹ̀kùn wo lẹ máa kàn? Àlàyé lórí ẹ̀tọ́ adúláwọ̀ àti ibi ìrànwọ́ ní Houston

Lọ́jọ́ Sátidé kan, àǹtí kan ní ìjọ wa pè mí wá sílé rẹ̀ ní Alief, níhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn Houston. Ó ní kí n wá bá òun wo ìwé kan. Nígbà tí mo jókòó sídìí tábìlì, ó gbé nóòtù kan síwájú mi, irú èyí táwọn ọmọ iléèwé ń lò, ó sì ti kọ ọ́ kún. Ọjọ́, wákàtí, ohun tí ọ̀gá sọ, ẹni tó wà níbẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n yọ ọ́ nípò olórí iṣẹ́ alẹ́, wọ́n gé wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ kù, wọ́n sì gbé ọmọbìnrin òyìnbó tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ sípò náà. Lójú ewé kẹsàn-án, ó kọ ọ́ pé ọ̀gá náà ní àwọn ẹbí aláìsàn kò ní fẹ́ máa bá ojú dúdú pàdé lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ti fẹjọ́ sùn ní ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ náà. Wọ́n ní kó fara balẹ̀, àwọn ń wádìí. Ó fara balẹ̀ fún oṣù mọ́kànlá. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé aago kan ti ń kà láti ọjọ́ tí wọ́n ti yọ ọ́, àti pé ẹjọ́ tó fi sùn níbi iṣẹ́ kò dá aago náà dúró.

Láti ìgbà yẹn, mo ti rí i pé àwọn èèyàn wa tó wà nírú ipò yẹn pọ̀ gan-an. Wọ́n hùwà àìdáa sí wọn, ẹ̀rí wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n kan ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tiwọn, tàbí kí wọ́n dé ilẹ̀kùn tó tọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti tì í. Ìdí tí mo fi kọ àlàyé yìí nìyẹn.

Kí ni “ẹ̀tọ́” tí à ń sọ níbí gan-an?

Ẹ̀tọ́ aráàlú, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní civil rights, ni ẹ̀tọ́ tí òfin ìlú kọ sílẹ̀ tó sì yan ibi tẹ́ ẹ ti lè lọ béèrè fún un. Òfin ò pàṣẹ pé kí gbogbo èèyàn fẹ́ràn yín. Ọ̀gá tó ń jágbe mọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ láìyọ ẹnì kan sílẹ̀ lè jẹ́ ìkà èèyàn, síbẹ̀ kó má rú òfin yìí. Ohun tí òfin kọ̀ ni ìdẹ́yẹsí: kí wọ́n torí àwọ̀ yín, ẹ̀yà yín, ìlú tẹ́ ẹ ti wá, ẹ̀sìn yín, jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ọjọ́ orí tàbí àìlera yín fi nǹkan dù yín.

Ẹ fi ojú ẹni tó ń gbé ìrẹsì ká lóde àríyá wò ó. Tí oúnjẹ bá tán tí ìdajì àwọn àlejò ò rí jẹ, ó burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdẹ́yẹsí. Tó bá ń fo tábìlì yín nìkan, tó sì ń bù fún tábìlì ọ̀tún àti tòsì, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Iṣẹ́ yín níwájú àjọ tàbí ilé ẹjọ́ ni láti fi hàn pé tábìlì yín ni wọ́n fò, àti pé nítorí irú ẹni tó jókòó síbẹ̀ ni.

Ṣé ọ̀rọ̀ àwa tá a ti Nàìjíríà wá náà ni?

Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn wa, títí kan àwọn tó kàwé dáadáa, pé ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ti àwọn tí wọ́n ń pè ní “akátá”, ìyẹn àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí. Èébú ni, ó sì tún ń lé àwọn èèyàn wa jìnnà sí ohun tó jẹ́ tiwọn. Ọ̀gá tí kò fẹ́ ojú dúdú kò ní bi yín léèrè bóyá Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí yín tàbí Third Ward, àdúgbò àwọn adúláwọ̀ ní Houston.

Ní Houston níbí gan-an ni wọ́n ti ja púpọ̀ nínú ìjà náà. Ní 1940, wọn ò jẹ́ kí dókítà eyín kan tó ń jẹ́ Lonnie Smith dìbò nínú ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democrat, nítorí pé adúláwọ̀ ni. Ó pe àwọn alábòójútó ìbò lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì dá a láre ní 1944. Ní 1946, Heman Sweatt, tó ń pín lẹ́tà kiri ìlú Houston, fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní Yunifásítì Texas. Wọ́n ní rárá. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ má bàa gbà á, wọ́n sáré dá iléèwé mìíràn sílẹ̀ fún adúláwọ̀ ní 1947. Òun ló di Texas Southern University, níbi tí ọmọ Yorùbá tó ti gboyè kò lóǹkà. Sweatt borí ní 1950. Thurgood Marshall wà lára àwọn agbẹjọ́rò tó ro ẹjọ́ méjèèjì. Òfin ẹ̀tọ́ aráàlú tó lókìkí jù jáde ní 1964, nígbà tó sì di 1965, wọ́n tún òfin ìwọ̀lú ṣe. Ẹ̀yìn àtúnṣe yẹn ni ọ̀nà tó gbòòrò fún àwọn ará Áfíríkà láti wá gbé níbí.

Ẹ ò ní láti jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà kí òfin ìdẹ́yẹsí níbi iṣẹ́ tàbí ti ilé gbígbé tó dáàbò bò yín. Ẹni tó ní green card wà lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń ka ìwé wà lábẹ́ rẹ̀. Ìbò ló yàtọ̀, ọmọ ìlú nìkan ló ni ín. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ní green card, ẹ má fọwọ́ sí ìwé ìforúkọsílẹ̀ olùdìbò, kódà bí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ìwé ìwakọ̀ bá fà á síwájú yín. Torí ìyẹn nìkan, wọ́n lè lé èèyàn kúrò nílùú yìí.

Kí ló dé tí ọ́fíìsì fi pọ̀ tó báyìí?

Ẹ rántí gáréèjì Ọjọ́ta. Ojú kan náà ni gbogbo ọkọ̀ wà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ Ìbàdàn kì í gbé èrò Àkúrẹ́, ìkọ̀ọ̀kan sì ní ìgbà tó ń kúrò. Bí òfin Amẹ́ríkà ṣe rí náà nìyẹn. Ìjọba àpapọ̀ ní tirẹ̀, ìpínlẹ̀ Texas ní tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ilé, iléèwé àti ọlọ́pàá kò sí lábẹ́ òrùlé kan náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni ìjọba ìlú Houston. Wọ́n á ní kí àwọn kọ́kọ́ lọ bá ọ́fíìsì méyọ̀. Ní 2014, ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní HERO, tó ka ìdẹ́yẹsí níbi iṣẹ́, nínú ilé gbígbé àti nílé ìtajà léèwọ̀. Ní oṣù kọkànlá 2015, àwọn olùdìbò fagi lé e, nǹkan bí èèyàn mẹ́fà nínú mẹ́wàá ló dìbò tako o. Ọ̀rọ̀ ẹni tó lè wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin ni gbogbo ariwo ìgbà yẹn dá lé, ṣùgbọ́n ààbò tó wà fún àwọ̀ àti ẹ̀yà bá a lọ. Nítorí náà, tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni ló ṣẹ̀ yín, ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ ni kẹ́ ẹ forí lé.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ńkọ́?

Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí i ni EEOC, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje 1965. Ọ́fíìsì wọn ní Houston wà ní Smith Street láàárín ìlú, nínú ilé tí wọ́n fi sọrí Mickey Leland, aṣòfin Houston tó kú nínú ìjàǹbá bàálù ní Ethiopia ní 1989 nígbà tó ń ṣètò ìrànwọ́ fún àwọn tí ìyàn mú. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ pè wọ́n lórí 1-800-669-4000 tàbí kẹ́ ẹ gba àyè lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Ti ìpínlẹ̀ ni ẹ̀ka ẹ̀tọ́ aráàlú ní Texas Workforce Commission. Àwọn méjèèjì ń bá ara wọn ṣe, ẹ̀sùn tẹ́ ẹ bá mú wá sọ́dọ̀ ọ̀kan lè kan èkejì.

Ọjọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Òfin Texas fún yín ní 180 ọjọ́, EEOC fún yín ní 300 ọjọ́. Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ gbàgbé 300 yẹn, kẹ́ ẹ ka 180 sí òpin. Ọjọ́ tí wọ́n sọ fún yín pé wọ́n yọ yín, tàbí pé wọ́n gé owó yín, ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè fẹjọ́ sùn níbi iṣẹ́, ó tiẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn jókòó. Ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó 15 ni EEOC lágbára lé lórí tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọ̀ tàbí ìlú tí èèyàn ti wá.

Tẹ́ ẹ bá ti fi ẹ̀sùn sílẹ̀, EEOC á fi tó ọ̀gá yín létí. Wọ́n lè pe ẹ̀yin méjèèjì síbi ìpàdé ìlàjà, wọ́n sì lè ṣèwádìí. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í gbé ẹjọ́ náà lọ sílé ẹjọ́ fúnra wọn. Ohun tí wọ́n máa fún yín ni lẹ́tà tó ní ẹ lè pẹjọ́. Lẹ́tà yẹn máa ń dà bí ìkọ̀sílẹ̀ lójú àwọn èèyàn wa, wọ́n á sì jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ìwé àṣẹ ni. Láti ọjọ́ tó bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, 90 ọjọ́ péré lẹ ní láti dé ilé ẹjọ́.

Ìbẹ̀rù tó ń pa wá lẹ́nu mọ́ jù ni pé wọ́n á lé wa lẹ́nu iṣẹ́ tá a bá sọ̀rọ̀. Òfin ka ìgbẹ̀san sí ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró. Bí ẹ̀sùn àkọ́kọ́ ò bá tiẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi òótọ́ inú fẹjọ́ sùn tí wọ́n sì jẹ yín níyà torí ẹ̀, ìyà náà nìkan tó ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ ohùn ẹnu wa náà tún wà níbẹ̀. Wọn ò lè torí pé ẹ ń sọ gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ Yorùbá yọ yín kúrò, àfi tó bá ń dí iṣẹ́ náà gan-an lọ́wọ́.

Ilẹ̀kùn kan ṣì wà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀. Ní 1866, lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, tí wọ́n sì ti dá àwọn ẹrú sílẹ̀, wọ́n ṣe òfin kan tó fún gbogbo èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti bá ara wọn ṣe àdéhùn bí òyìnbó ṣe ń ṣe é. Iṣẹ́ jẹ́ àdéhùn. Òfin yìí ò béèrè iye òṣìṣẹ́, ẹ ò ní láti gba EEOC kọjá, àyè tó sì fún yín jẹ́ ọdún mẹ́rin fún ọ̀pọ̀ ẹjọ́ (àwọn kan wà tó jẹ́ ọdún méjì, ẹ béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò). Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà àti àwọ̀ nìkan ló wà fún. Ẹ̀rí rẹ̀ le: láti 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti ní kẹ́ ẹ fi hàn pé ká ní kì í ṣe ti ẹ̀yà yín ni, ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀.

Wọ́n ní ilé ti lọ, ṣùgbọ́n ilé ò tíì lọ

Ẹ pè lórí fóònù, wọ́n gbọ́ ohùn yín, wọ́n ní ilé ti lọ. Ọ̀rẹ́ yín tó jẹ́ òyìnbó pè lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ní kó máa bọ̀ wá wò ó. Òfin ilé gbígbé ti 1968 lòdì sí èyí. Ààrẹ Johnson fọwọ́ sí i lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa Martin Luther King. HUD, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, lẹ máa fẹjọ́ sùn sí, lórí 1-800-669-9777, láàárín ọdún kan. Ọdún méjì lẹ ní tó bá jẹ́ ilé ẹjọ́ lẹ fẹ́ lọ tààrà. Texas Workforce Commission náà ń gba ẹ̀sùn ilé. Àjọ bíi Greater Houston Fair Housing Center lè rán èèyàn méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ lọ béèrè ilé kan náà, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe dá ẹnì kọ̀ọ̀kan lóhùn.

Ohun méjì ló máa ń ru àwọn èèyàn lójú níbí. Tí onílé bá ń gbé inú ilé náà, tí ilé ọ̀hún ò sì ju ojúlé mẹ́rin lọ, òfin 1968 lè má mú un. Òfin 1866 ò yọ irú onílé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọ̀. Èkejì ni ìwé ìrànwọ́ owó ilé tí wọ́n ń pè ní Section 8. Ní Texas, onílé lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun ò gbà á. Ó ń dunni, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn lórí ìyẹn nìkan ò lè dúró.

Irun orí ọmọ yín ńkọ́?

Àwa tá a mọ ṣùkú, tá a mọ kojúsọ́kọ, tá a sì ń kí ọmọ tí wọ́n bí ní dàda pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ yé wa. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2023, òfin kan ti wà ní Texas tí wọ́n ń pè ní CROWN Act. Ó ní iléèwé, ibi iṣẹ́ àti onílé kò gbọ́dọ̀ torí irun dídì, dàda tàbí irun lílọ́ fìyà jẹ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni iléèwé kan ní Mont Belvieu, ìlú kékeré kan ní ìlà oòrùn Houston, lé ọmọkùnrin adúláwọ̀ kan jáde ní kíláàsì torí dàda orí rẹ̀. Gbogbo èèyàn ń béèrè pé, ṣé kì í ṣe òfin náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ni? Ohun tí iléèwé náà rò ni pé àwọn ò bínú sí dàda, gígùn irun ọkùnrin làwọn fi òfin dè. Ní oṣù kejì 2024, adájọ́ kan gba ọ̀rọ̀ wọn wọlé, torí pé òfin dárúkọ irú irun, kò sì sọ nǹkan kan nípa gígùn rẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó bá mọ bí dàda ṣe ń hù mọ̀ pé gígùn rẹ̀ ni dàda. Àmọ́ bí adájọ́ ṣe túmọ̀ rẹ̀ nìyẹn, ó sì yẹ káwọn òbí mọ̀ ọ́n kọ́jọ́ ìwọlé ó tó dé.

Tí ohun tí iléèwé ń sọ bá jẹ́ irú irun, ẹ kọ ẹ̀hónú sí àwọn aláṣẹ iléèwé kíákíá, torí ọjọ́ wọn kì í pọ̀. Ẹ lè kọ sí OCR, ẹ̀ka ẹ̀tọ́ aráàlú nílé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, láàárín 180 ọjọ́. Ní oṣù kẹta 2025, ìjọba kéde pé wọ́n máa ti ọ́fíìsì OCR tó wà ní Dallas. Nítorí náà, ẹ má wa mọ́tò lọ síbẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ ti kọ ọ́.

Tí ọlọ́pàá bá dá yín dúró

Ẹ wo ara ọkọ̀ wọn. Yàtọ̀ sí ọlọ́pàá ìlú Houston, ṣẹ́ríìfù wà, ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ wà, Harris County tí Houston wà nínú rẹ̀ sì ní ọ́fíìsì kọ́ńsítébù mẹ́jọ. Ibi tí ẹjọ́ yín máa lọ wà lára orúkọ tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ náà.

Ẹ fi ìwé ìwakọ̀ àti ìwé inṣọ́ránsì hàn wọ́n, ẹ gbé ọwọ́ yín síbi tójú ti lè rí i. Ẹ ò ní láti dáhùn ìbéèrè nípa ibi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀. Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ tú ọkọ̀ yín, ẹ lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé ẹ ò gbà. Tí wọ́n bá tú u síbẹ̀, ẹ má bá wọn fà á. Ilé ẹjọ́ lẹ ti máa sọ ọ́. Ẹni tó ní green card gbọ́dọ̀ mú un dání, òfin ni. Ẹ lè fi fóònù ká ọlọ́pàá sílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ò bá dí i lọ́wọ́.

Mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí kí n má rántí Sandra Bland, obìnrin adúláwọ̀ kan. Ní oṣù keje 2015, ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ dá a dúró ní Waller County, kò jìnnà sí Houston, torí pé kò tan iná kó tó yà sí òpópó kejì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú túbú. Òfin tí wọ́n fi sọrí rẹ̀ ní 2017 ní kí àwọn mìíràn láti ìta máa wádìí ikú inú túbú, kí wọ́n sì kọ́ ọlọ́pàá bí wọ́n ṣe ń pẹ̀tù sí ọ̀rọ̀.

Ẹ kọ ẹ̀sùn lórí ọlọ́pàá sílẹ̀ kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí i, torí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kì í rìn jìnnà. Ọdún méjì lẹ ní láti pe ẹjọ́ ẹ̀tọ́ aráàlú lórí rẹ̀ ní Texas.

Ta ló máa dúró tì yín tí kò ní gbowó?

Lone Star Legal Aid ló tóbi jù fún àwọn tówó wọn ò tó. Torí pé owó ìjọba àpapọ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ń ná, ọmọ ìlú, ẹni tó ní green card àti ìwọ̀nba àwọn mìíràn ni wọ́n lè gbà. Ẹni tó wá kàwé kì í sábà wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n obìnrin tí ọkọ ń lù nínú ilé wọ̀ ọ́, bó ti wù kí ìwé rẹ̀ rí. Houston Volunteer Lawyers ń wá agbẹjọ́rò tó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún èèyàn. Iléèwé agbẹjọ́rò Thurgood Marshall ní Texas Southern ní ibi táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ran aráàlú lọ́wọ́ lábẹ́ olùkọ́ wọn. Ìkànnì TexasLawHelp.org ní fọ́ọ̀mù àti àlàyé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ ilé àti ìwáṣẹ́, ẹ lọ bá Houston Area Urban League.

NAACP ti Houston, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ adúláwọ̀, máa gbọ́ yín, wọ́n lè kọ lẹ́tà, wọ́n lè bá yín dé iwájú àwọn aláṣẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àwọn náà ló ń gbé ẹjọ́ ńlá ńlá lọ sílé ẹjọ́ lábẹ́ orúkọ LDF. Àjọ LDF ti dá dúró láti 1957. Wọn kì í sì í sábà gba ẹjọ́ ẹnì kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ náà ni ACLU ti Texas àti Texas Civil Rights Project. Ẹjọ́ tó máa tún ọ̀nà ṣe fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n ń wá. Tí wọ́n bá kọ ti yín, kò túmọ̀ sí pé ẹjọ́ yín ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò aládàáni kan wà tí kì í gba owó títí ẹjọ́ á fi yọrí, tí wọ́n á wá mú ìpín tiwọn nínú ohun tẹ́ ẹ bá gbà.

Ọ̀dọ̀ irú wọn la mú àǹtí náà lọ. EEOC ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ ti kọjá. Òfin 1866 ṣì wà. Agbẹjọ́rò náà ka nóòtù yẹn fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni bóyá nọ́ọ̀sì tí orúkọ rẹ̀ wà lójú ewé kẹsàn-án, tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀gá sọ̀rọ̀ ojú dúdú yẹn, ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àǹtí ní ó ti fi ibẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun. Ká tó kúrò nínú ọ́fíìsì náà, wọ́n ti pè é, ó sì gbé e.